Pijó 504, Ìjàpá àbí Mẹ̀sí Dísẹ́ẹ̀lì: Èwo Ni Ká Gbé Gba Ọ̀nà Àríwá?

Ẹ ti pinnu pé ọkọ̀ àtijọ́ lẹ fẹ́ gbé rin ìrìn ọlọ́jọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà: láti Abuja gba Keffi àti Akwanga gun òkè lọ sí Jos, kí ẹ gba Bauchi wọ igbó ẹranko Yankari, kí ẹ tó gba Kánò àti Kàdúná padà sílé. Ó wá ku ọkọ̀ wo. Mẹ́ta la máa gbé síra wọn níbí: Peugeot 504 tí gbogbo wa ń pè ní Pijó, Volkswagen Ìjàpá, àti Mercedes W123 tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì, ìyẹn Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́.

Tiwa ni pé Pijó 504 sàlúùnù ló yẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìjàpá yẹ ẹni méjì tí ẹrù wọn kò pọ̀, tí wọ́n sì mọ sípánà á dì mú. Mẹ̀sí dísẹ́ẹ̀lì yẹ ẹni tó fẹ́ jìnnà gan-an lórí títì tó ṣì dára díẹ̀, tí kò fẹ́ máa yà ra epo lójoojúmọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ èwo ló lágbára jù. Kò sí ọkọ̀ ogójì ọdún tí kì í bàjẹ́ lọ́nà. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń bàjẹ́ ló yàtọ̀, àti ẹni tó lè tún un ṣe ní abúlé tó bá dákú sí, àti iye wákàtí tí ìyẹn máa gbà.

Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀

Ìjàpá gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ìje ọkọ̀ Safari ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní 1953, 1954, 1957 àti 1962. Pijó 404 gbà á lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín 1963 sí 1968. Nígbà tó kan 504, Ove Andersson fi gbà á ní 1975, Jean-Pierre Nicolas tún fi gbà á ní 1978, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti 1978 yẹn jẹ́ onílẹ̀kùn méjì tó ní sílíńdà mẹ́fà, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná. Mercedes 280E, ọmọ ìyá W123 gan-an, ni Andrew Cowan gbé borí nínú eré London sí Sydney ní 1977.

Èyí tó kàn wá jù ni ti 1974. Eré World Cup Rally tó gbéra ní London tó parí sí Munich la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Kánò wa níhìn-ín kó tó padà. Citroën DS ló borí, ọkọ̀ tí ìjókòó àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ará iwájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n: lórí ọ̀nà gálọ́ọ̀pù, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó sì rọ̀ ló ń dé ibi tó ń lọ. Bí mẹkáníìkì bá sọ pé òun fẹ́ fi sípíríǹgì líle ti ọkọ̀ akẹ́rù gbé ọkọ̀ yín sókè, ẹ má gbà. Táyà kò ní fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìjà tí sípíríǹgì ì bá gbà á wá di ti ara ọkọ̀, ara ọkọ̀ á sì sán.

Pijó 504

Ilé iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975, wọ́n sì to 504 fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí àlòkù ẹ̀yà ara rẹ̀ ní Panteka ní Kàdúná, ní Kofar Ruwa ní Kánò, àti ní abúlé àwọn mẹkáníìkì ní Apo ní Abuja. Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ mẹkáníìkì òde òní, Toyota ni wọ́n mọ̀. Bí ẹ bá dé ìlú kan tí ọkọ̀ sì ń ṣe yín, ẹ béèrè bàbá tó máa ń ṣe Pijó. Ẹ máa bá a, ó lè wà lábẹ́ igi dòǹgóyárò níwájú ilé rẹ̀.

Ìbéèrè tó le jù nínú Pijó ni sàlúùnù àbí wágọ́ọ̀nù. Lára sàlúùnù GL, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ló ń dá gòkè sọ̀kalẹ̀ tirẹ̀. Bí tọ̀tún bá já sí kòtò, tòsì kò ní mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdí rẹ̀ kì í fi í jó kiri lórí ilẹ̀ pupa tó rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi páànù ìbolé. Ṣùgbọ́n ṣáfútì méjì ló ń gbé agbára lọ bá àwọn táyà yẹn, rọ́bà ló sì bo oríkèé wọn. Òkúta kan péré lè ya rọ́bà náà. Gíríìsì á tú jáde, iyanrìn á wọlé, kò sì ní pẹ́ tí ẹ ó fi máa gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ lábẹ́ bí ẹ bá ti tẹná. Àràárọ̀ ni kí ẹ máa wolẹ̀ wò ó, kí ẹ sì gbé rọ́bà méjì àti gíríìsì rẹ̀ dání.

Wágọ́ọ̀nù kò ní wàhálà rọ́bà yìí. Igi irin kan gbọọrọ ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, sípíríǹgì mẹ́rin ló sì gbé e dúró, méjì lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹrù tí sàlúùnù ò lè gbé, á gbé e. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹrù nínú rẹ̀, ìdí rẹ̀ a máa tá sókè. Láti táyà iwájú dé tẹ̀yìn, ó gùn tó 2.90 mítà, nígbà tí sàlúùnù jẹ́ 2.74, ikùn rẹ̀ máa ń tètè kan òkìtì àárín ọ̀nà. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ wágọ́ọ̀nù tó ṣẹ́kù ló ti fi ayé rẹ̀ ná gáréèjì, èrò kún inú, ẹrù kún orí, lójoojúmọ́ fún ogún ọdún. Ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti rẹ̀ wá láti ìpìlẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé ẹ̀yin márùn-ún lẹ ń lọ tàbí pé ẹ gbé irinṣẹ́ púpọ̀, sàlúùnù ni kí ẹ mú.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi àkísà àti bẹtiróòlù díẹ̀ nu ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti so mọ́ ara ọkọ̀, títí kùn rẹ̀ yóò fi hàn. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín bí irun tó yí orí ṣọ́ọ̀kì ká, irin ti ń sán nìyẹn. Ẹ má tìtorí ẹ́ńjìnnì tó ń dún dáadáa gbàgbé ìlà yẹn o. Ẹ́ńjìnnì ṣeé pààrọ̀ ní ọjọ́ kan; ara tó ti sán kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé láìjẹ́ pé wọ́n jó irin tuntun lé e kó tó kúrò nílé.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1796 cc tàbí 1971 cc. Èyí tó tóbi ló dára jù fún òkè Jos, ṣùgbọ́n ìlera ṣe pàtàkì ju ìtóbi lọ. Sílíńdà rẹ̀ kì í ṣe ara búlọ́ọ̀kù. Àgbá tí wọ́n kì bọ inú rẹ̀ ni, omi sì ń kan ara àgbá náà tààrà. Bí ọ̀kan bá jẹ, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi tuntun sí i. Ewu ibẹ̀ rèé: bí wọ́n bá tú tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, tí ẹnikẹ́ni sì yí ẹ́ńjìnnì láìfi irin di àwọn àgbá náà mọ́lẹ̀, wọ́n á gbéra, omi á sì máa jò sínú ọ́ìlì lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é padà. Ọ̀pọ̀ Pijó tí wọ́n ní "gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í pẹ́", ohun tó ń ṣe é nìyí. Tọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ jẹ́ aluminiọ́mù, bó bá sì gbóná kọjá ààlà lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè tẹ̀. Ẹ dán an wò nígbà tó bá tutù: ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ ta ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wojú omi. Bí ó bá ń hó pọ́pọ́pọ́ láìdáwọ́dúró, afẹ́fẹ́ iná ti ń wọ inú omi. Ẹ yọwó kúrò tàbí kí ẹ máa ná gásíkẹ́ẹ̀tì àti fífá tọ́ọ̀pù mọ́ ọn.

Fáànù rẹ̀, iná mànàmáná ló ń so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí omi bá gbóná. Kábọ́ọ̀nù kékeré ibẹ̀ máa ń tán, fáànù á sì dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Fún ìrìn bí èyí, ẹ jẹ́ kí réwáyà àti mẹkáníìkì jọ dè é pọ̀ kó máa yí lọ́jọ́ gbogbo. Epo díẹ̀ ló máa fi jẹ.

Nínú oṣù kẹta àti ìkẹrin, nígbà tí oòrùn bá mú, Pijó lè kú wẹ́ẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá dúró lẹ́ẹ̀kan nínú gò-síló. Epo ti di ooru nínú pọ́ǹpù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ má fi sítátà pa bátìrì. Ẹ rẹ aṣọ sínú omi, ẹ fi wé pọ́ǹpù náà àti páìpù tó jáde lára rẹ̀, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Á jí. Bí ẹ bá fi rọ́bà tí kì í jóná wé páìpù yẹn kí ẹ tó kúrò nílé, ó lè má ṣẹlẹ̀ rárá.

Àléébù rẹ̀ gidi ni kílọ́ọ̀ṣì. Páìpù irin ńlá kan ló bo ṣáfútì láti jíà dé ẹ̀yìn, wọ́n sì ní láti ti gbogbo ẹ̀yìn sẹ́yìn kí jíà tó lè sọ̀kalẹ̀. Odidi ọjọ́ kan ni. Nítorí náà, bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti ń yọ̀ díẹ̀ nílé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nílé. Àlàfo tí fáàfù gbọ́dọ̀ ní jẹ́ 0.10 mm fún èyí tó ń gba epo wọlé àti 0.25 mm fún èyí tó ń tú èéfín jáde, nígbà tó bá tutù. Ọ́ìlì tó ń mu jẹ́ lítà mẹ́rin.

Ìjàpá

Kò ní rédíétọ̀, kò ní omi, kò ní ọ̀pá gígùn lábẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ́ńjìnnì jókòó lórí táyà tó ń tì í, nítorí náà nínú iyanrìn, ó máa ń jáde níbi tí Mẹ̀sí bá rì sí. Òun ló rọrùn jù láti tún ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: bóòtù mẹ́rin ló di ẹ́ńjìnnì mú, ẹni méjì tó mọṣẹ́ pẹ̀lú jáàkì oníwíìlì lè gbé e sọ̀ láàárín wákàtí kan. Kílọ́ọ̀ṣì tó ń gba odidi ọjọ́ lára Pijó, ọ̀sán kan ni níbí.

Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí jẹnẹrétọ̀ àti fáànù tó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bó bá já, iná pupa á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Kí ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ní kí ẹ kàn dé abúlé tó wà níwájú, píṣítìnì á mú. Ẹ pa á, ẹ ti ìdí skúrúdíráfà bọ ihò tó wà létí púlì jẹnẹrétọ̀ kó má bàa yí, ẹ fi sípánà 21 tú nọ́ọ̀tì àárín. Púlì náà á là sí méjì, ẹ ó sì rí àwọn wáṣà pẹlẹbẹ láàárín rẹ̀. Àwọn wáṣà yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀: bí ẹ bá yọ ọ̀kan láti àárín, bẹ́líìtì á le sí i, bí ẹ bá fi kún un, á dẹ̀. Èyí tí ẹ bá yọ, ẹ kó o síta púlì lábẹ́ nọ́ọ̀tì, kó má bàa sọnù. Bí bẹ́líìtì bá rìn tó sẹ̀ǹtímítà kan àti àbọ̀ nígbà tí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ti tó. Ẹ gbé méjì dání.

Ọ́ìlì rẹ̀ kò ju lítà méjì àti àbọ̀ lọ, òun náà ló sì ń ṣe iṣẹ́ omi. Nínú eruku, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní 2,500 kìlómítà, kí ẹ sì ṣe àlàfo fáàfù rẹ̀ sí 0.15 mm nígbà tó bá tutù. Sílíńdà kẹta ló máa ń gbóná jù lára àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, nítorí ohun tó ń tu ọ́ìlì lára dí atẹ́gùn mọ́ ọn. Fáàfù rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ti gbó, ẹ pa á, ẹ di púlì ìsàlẹ̀ mú, ẹ fà á síwá, ẹ tì í sẹ́yìn. Bó bá dún kọ̀ọ̀, ibi tí kíráńkì jókòó sí ti jẹ, odidi ẹ́ńjìnnì lẹ máa tú.

Ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn. Bátìrì wà lábẹ́ ibẹ̀, ásíìdì rẹ̀ sì máa ń jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ títí ẹ ó fi máa rí títì. Ẹ fi rọ́bà bo orí bátìrì náà, nítorí bí ẹni tó tóbi bá jókòó síbẹ̀ lórí gálọ́ọ̀pù, wáyà ìjókòó lè kan orí rẹ̀, kó sì gbiná. Lórí kọ́nà, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ká sábẹ́ bí ẹ bá ṣàdédé tẹ bíréèkì. Ìdí rẹ̀ wúwo, ó sì lè gba iwájú lọ́wọ́ yín. Lórí ọ̀nà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fúyẹ́ débi pé ó ń fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Awakọ̀ tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọ́ ọ.

Mẹ̀sí W123 dísẹ́ẹ̀lì

240D àti 300D ni ká wá. Kò lo plọ́ọ̀gì iná, kò lo kọ́ìlì, kò sì lo kọ́ńtáàtì. Bó bá ti jí, dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ àti afẹ́fẹ́ nìkan ló ń béèrè. Táńkì rẹ̀ gba lítà 65. Bí ó bá ń mu lítà mẹ́sàn-án ní 100 kìlómítà, ẹ lè rin nǹkan bí 700 láìra epo. Pijó tó gba 56 tó sì ń mu mọ́kànlá kì í kọjá 500 púpọ̀. Ìjàpá tí táńkì rẹ̀ jẹ́ 40 kì í dé ibẹ̀. Bíréèkì rẹ̀ jẹ́ dísíìkì ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nígbà tí ọ̀pọ̀ Ìjàpá jẹ́ kìkì dúrọ́ọ̀mù.

Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tà nínú jálá lẹ́bàá ọ̀nà ló ń pa á. Omi àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ máa ń dí fítà méjèèjì: kékeré tó mọ́ gaara tí ẹ lè fojú rí, àti ńlá tí wọ́n ń yí mọ́ra. Ẹ gbé méjì-méjì dání, kí ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ fún pọ́ǹpù kékeré ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù ńlá títí afẹ́fẹ́ á fi jáde. Àwọn tó jáde ṣáájú 1980 ní plọ́ọ̀gì ìgbóná tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, gbogbo wọn á ṣíwọ́, àárọ̀ ọyẹ́ ní Jos á sì fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ wá èyí tí wọ́n ti yí padà sí irú tuntun.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n má ta á kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì: ó gbọ́dọ̀ tutù. Bí ó bá ti jí, ẹ tú ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ dojú rẹ̀ dé ihò náà láìdè é. Bó bá kàn ń gbọ̀n níbẹ̀, ó dára. Bó bá fò dànù, ríìnì ti jẹ.

Lórí ilẹ̀ gálọ́ọ̀pù, ìwúwo rẹ̀ ló ń dá a lóró, nítorí ó lé ní 1,300 kìlógíráàmù kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀. Búùṣì iwájú, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti rọ́bà roboto tó so ṣáfútì pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Àwọn ẹ̀yà yìí wà ní ọjà, ṣùgbọ́n ayédèrú pọ̀, ojúlówó sì wọ́n ju ti Pijó lọ dáadáa. Ẹ mọ ibi tí ọ̀pá tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ fífà ló ń pa ẹ́ńjìnnì yìí, bí páìpù rẹ̀ bá ya, ẹ ó yọ kọ́kọ́rọ́, á ṣì máa ṣiṣẹ́.

Bí ọ̀nà bá ṣe rí ni

Abuja sí Jos: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè lọ. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ padà, ìsọ̀kalẹ̀ òkè Hawan Kibo ló ń dán bíréèkì wò. Ẹ fi jíà kejì tàbí ìkẹta sọ̀, ẹ má jókòó lórí bíréèkì, pàápàá nínú Ìjàpá. Inú Yankari àti ojú ọ̀nà oko: Pijó tàbí Ìjàpá. Òkè Mambilla ní Taraba, tó ga ju Òkè Jos lọ tí kọ́nà rẹ̀ kì í tán: Pijó ẹ́ńjìnnì ńlá, kò sí àríyànjiyàn. Kánò lọ sókè sí ilẹ̀ iyanrìn: Ìjàpá bí ẹ bá jẹ́ méjì. Ẹ má rìn lóru níbikíbi, kí ẹ sì bi àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà léèrè ààbò ní òwúrọ̀ tí ẹ fẹ́ gbéra gan-an.

Èyí tí ẹ bá mú, táyà tuntun lẹ kọ́kọ́ náwó lé, kì í ṣe kùn. Márùn-ún kò tó. Ẹ gbé ìpààrọ̀ méjì. Nínú iyanrìn, ẹ sọ afẹ́fẹ́ táyà kalẹ̀ dé 18 psi, kí ẹ má sì sáré títí ẹ ó fi fún un padà. Lẹ́yìn táyà, irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mílímítà mẹ́rin lábẹ́ ẹ́ńjìnnì Pijó tàbí Mẹ̀sí, pẹ̀lú àlàfo tí atẹ́gùn á gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, fítà afẹ́fẹ́: nígbà ọyẹ́, alaalẹ́ ni kí ẹ máa gbọn eruku rẹ̀, kí ẹ sì fẹ́ ẹ láti inú síta. Bí ti Ìjàpá bá jẹ́ irú tó ń lo ọ́ìlì, ẹ da ẹlẹ́gbin nù, kí ẹ rọ tuntun dé ojú àmì.

Ọkọ̀ tó gbé ní Kánò tàbí Sókótó kì í dípẹtà bíi ti Èkó, nítorí náà ẹ wá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ti jẹ gbogbo rọ́bà rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ họ́ọ̀sì omi, họ́ọ̀sì bíréèkì àti páìpù epo láìwo ojú wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó gbogbo ẹrù àti gbogbo ẹni tó ń lọ sínú ọkọ̀ náà, ẹ gbé e dé Lokoja kí ẹ padà lọ́jọ́ kan náà. Ní 50 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ dúró, ẹ fi sípánà kan nọ́ọ̀tì táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fọwọ́ kan àárín wíìlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, bíréèkì rẹ̀ ń mú tàbí béárìnnì rẹ̀ ń lọ, kí ẹ sì tú u kí ẹ tó sùn.